Ẹ̀sùn Tí Mo Kà Sí Ọmọ Ọlọ́mọ Lẹ́sẹ̀

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá ẹjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbé wá sọ́dọ̀ mi. Bí mo bá ti gbọ́ pé òbí kan ní Amẹ́ríkà kò rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé, pé inú ilé ló ti ń kọ́ ọ níwèé, kíá ni mo ti ka ẹ̀sùn sí gbogbo wọn lẹ́sẹ̀: ọmọ yẹn á ya òpè, kò ní lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ tí kò kọ́ iṣẹ́ tíṣà ló ń pe ara rẹ̀ ní tíṣà, bàbá rẹ̀ á sì jẹ́ oníwàásù kan tó ń retí òpin ayé lọ́la. Mo ka ẹ̀sùn, mo dá wọn lẹ́bi, mo sì rẹ́rìn-ín, láìpe ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo. Ẹ̀gọ̀ tó wá wà níbẹ̀ ni pé àléébù wà nínú ètò náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tó wà kọ́ ni mò ń wò.

Bàbá oníwàásù ni kí n kọ́kọ́ tú sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà bi àwọn òbí wọ̀nyí lọ́dún 2016 pé kí ni ìdí tó wúwo jù tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ nílé, 34 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló dárúkọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé-ìwé: àìsí ààbò, oògùn olóró, ẹgbẹ́ búburú. Àwọn tí ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò tẹ́ lọ́rùn jẹ́ 17. Àwọn tó fi ẹ̀sìn ṣáájú ńkọ́? 16 péré. Lóòótọ́, àwọn Kristẹni ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń jà fún ètò yìí nílé ẹjọ́ àti nílé aṣòfin láwọn ọdún 1980. Àmọ́ John Holt, tó dá ìwé ìròyìn Growing Without Schooling sílẹ̀ lọ́dún 1977, tíṣà ni, kì í ṣe pásítọ̀. Ohun tó bá ilé-ìwé jà sí ni pé ó ń pa ìfẹ́ tí ọmọ ní sí ẹ̀kọ́. Nígbà tí kòrónà wá dé, àjọ ètò ìkànìyàn ibẹ̀ rí i pé láàárín oṣù mélòó kan lọ́dún 2020, àwọn ìdílé aláwọ̀ dúdú tó ń kọ́ ọmọ nílé fò láti 3.3 sí 16.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ lè ní ilé-ìwé tó tì pa ló fà á. Ó lọ́wọ́ sí i, ṣùgbọ́n wọ́n ti tún ìbéèrè náà ṣe kí ọmọ tó kàn ń bá ilé-ìwé rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì má bàa wọnú iye yẹn. Bó bá jẹ́ pé ìran òpin ayé ni gbogbo ìdílé wọ̀nyẹn rí lẹ́ẹ̀kan náà, a ì bá ti gbọ́.

Ẹ̀sùn pé ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní mọ bí a ṣe ń bá èèyàn gbé ni mo fẹ́ràn jù, torí òun ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Lójú mi, adìyẹ inú àgò ni ọmọ náà, ó ń yọjú wo àwọn tó ń kọjá. Tim Tebow ló kọ́kọ́ ba àwòrán yẹn jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Nílé ni wọ́n ti kọ́ ọ ní Florida, síbẹ̀ ó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún ilé-ìwé ìjọba, nítorí òfin tí ìpínlẹ̀ náà ṣe lọ́dún 1996 gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láyè. Lọ́dún 2007 ó gba Heisman, ẹ̀bùn tó ga jù fún agbábọ́ọ̀lù yunifásítì níbẹ̀. Èèyàn mọ́kànlá ló ń wà nínú ikọ̀ kan lórí pápá. Kò dá a gbá. Àwọn ìdílé a sì máa kó ọmọ wọn jọ, ẹni tó mọ ìṣirò á kọ́ tọmọ ẹlòmíràn, ẹni tó mọ dùùrù á ṣe tirẹ̀, èyí tó dáhùn apá kan ọ̀rọ̀ ìyá tí kì í ṣe tíṣà. Èmi tí mò ń pariwo ẹgbẹ́, mi ò bi ara mi rí pé ibi iṣẹ́ wo ni wọ́n ti ń kó ọgbọ̀n èèyàn tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba sínú yàrá kan, tí wọ́n á wá ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀.

Àtakò tó lágbára jù lórí èyí wá láti Jámánì, níbi tí òfin ti fi dandan lé e pé kí ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Nínú ẹjọ́ ìdílé Konrad lọ́dún 2006, ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù gbà pé ìjọba lè fẹ́ kí ọmọ olówó àti ọmọ alágbàṣe, onígbàgbọ́ àti aláìgbàgbọ́, jókòó pọ̀, kí ìlú má bàa pín sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mi ò lè fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé tó da ọmọ pọ̀ lóòótọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Èyí tó wà ní Lẹ́kì, tí owó rẹ̀ ń lọ sí mílíọ̀nù, ta ni ó ń da ọmọ olówó pọ̀ mọ́, bí kì í bá ṣe ọmọ olówó mìíràn?

Àwọn olólùfẹ́ ètò náà ní àṣìṣe tiwọn. Wọ́n á ní ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ló gba ìdíje sípẹ́lì National Spelling Bee lọ́dún 1997 àti lọ́dún 2000. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n igi kan kì í dá igbó ṣe. Wọ́n á tún mú ìwádìí wá pé máàkì irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ga ju ti ọmọ ilé-ìwé lọ, láìsọ pé òbí tó bá wù ló ń fi máàkì sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí wọ̀nyẹn. Ta ló máa fi òdo ránṣẹ́? Kí wọ́n ka Educated, ìwé tí Tara Westover kọ nípa ìgbé ayé ara rẹ̀ ní Idaho. Wọ́n ní nílé ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kéré débi pé nígbà tó dé yunifásítì, ó nawọ́ ní kíláàsì láti béèrè ohun tí Holocaust jẹ́. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Cambridge lọ́dún 2014; orí rẹ̀ ló gbè é, kì í ṣe ètò.

Ibẹ̀ gan-an ni àléébù tí mi ò rí wà: ta ló ń yẹ iṣẹ́ ọmọ wò? Ní New York, òbí gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ìjọba, kó fi ètò ẹ̀kọ́ ọdún náà hàn, kó fi ìròyìn ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, kó sì jẹ́ kí wọ́n dán ọmọ wò tàbí kí ẹlòmíràn ṣe àyẹ̀wò rẹ̀. Ní Texas, ọmọ tí kò bá wọ ilé-ìwé ìjọba rí lè dàgbà láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ sọ fún òṣìṣẹ́ ìjọba kankan pé òun ń kọ́ ọ nílé. Àwọn òbí tó ń tako àyẹ̀wò a máa sọ pé ilé-ìwé ìjọba náà ń kùnà, kò sì sẹ́ni tó ń mú un. Wọn ò parọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń kùnà nílé-ìwé, ojú púpọ̀ ló ń rí i. Ọmọ tí wọ́n gbàgbé sínú ilé, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà. Èmi ń bẹ lẹ́yìn òfin New York. Ìròyìn mẹ́rin lọ́dún kò tíì pa òbí kankan.