Ẹ Bá Mi Bá Ológoṣẹ́ Sọ̀rọ̀

Ayálégbé tí kì í san owó ilé, mo ti rí irú ẹ̀ ní Mushin. Èyí tó ń bá gbogbo ará ilé jà, mo ti rí òun náà. Ṣùgbọ́n ayálégbé tó máa pa ẹnìkejì rẹ̀ mọ́nú yàrá, tó máa tẹ́ koríko lé òkú lórí, tó máa wá gun orí òrùlé ilé tí mo fowó mi rà, tí yóò máa pariwo láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ bí ẹni pé òun ni lánlọ́ọ̀dù, èyí ló ju agbára mi lọ. Mo ní kí n gbé ẹjọ́ náà wá síwájú yín, torí nínú ilé tèmi níbí, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ ọ mọ́.

Laurel ni mò ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Maryland l'Amẹ́ríkà, ládùúgbò tí àwa Yorùbá pọ̀ sí débi pé èèyàn lè ra iṣu, ẹ̀lùbọ́ àti irú láìsọ gbólóhùn Òyìnbó kan. N ò wá síbí wá sin ẹyẹ o. Iṣẹ́ ni mo wá ṣe. Àmọ́ kò pẹ́ tí a ra ilé ni ẹyẹ kan bà sórí ọgbà ẹ̀yìnkùlé wa. Ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí aṣọ àdìrẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú ìkòkò aró, àyà rẹ̀ pọ́n, ikùn rẹ̀ funfun. Bluebird lorúkọ rẹ̀. Ìyá àgbà Òyìnbó tó múlé tì wá rí i pé mo la ẹnu sílẹ̀, ló bá wá rojọ́ rẹ̀ fún mi lórí ọgbà: pé ẹyẹ náà kò lè gbẹ́ ihò fúnra rẹ̀, ihò tí akókó bá gbẹ́ sára igi gbígbẹ tó sì fi sílẹ̀ ló ń yé sí, pé àwọn èèyàn ti gé igi gbígbẹ tán, wọ́n ti fi òpó irin rọ́pò òpó igi tó ti jẹrà lára ọgbà oko, pé bí èèyàn kò bá kan àpótí fún un, kò ríbi sùn. Ó ní agbègbè wa gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti di ńlá. Ní Beltsville tí kò jìnnà sí wa ni Lawrence Zeleny, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ti to àpótí ẹyẹ lọ rẹrẹ. Ó kọ ìwé lórí bluebird ní 1976, nígbà tó di 1978 ó dá ẹgbẹ́ North American Bluebird Society sílẹ̀. Àánú ṣe mí. Èmi tí mo ti wá yàrá kan kiri Èkó tí ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, ta ni ó tún sọ fún mi pé kí n bá aláìnílé kẹ́dùn?

Mo gbé àpótí kọ́. Mo dè é mọ́ òpó irin ní gbangba, mo fi páànù yí ìdí òpó ká kí ejò àti rakúùnù má baà gùn ún. Olè tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀, mo ti dí i lọ́nà. Olè tó níyẹ̀ẹ́ ni n ò mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ihò náà ná, torí ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ mi wà. Íǹṣì kan ààbọ̀ ni ihò bluebird. Ẹyẹ dúdú kan wà tí wọ́n ń pè ní starling, tí ìyẹ́ rẹ̀ ń kọ mànà, aláṣejù ni òun náà, tí í máa lé akókó jáde nínú ihò tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́. Ìyẹn sanra jù, kò lè gba íǹṣì kan ààbọ̀ kọjá. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ológoṣẹ́ Òyìnbó, kì í ṣe ológoṣẹ́ ilé wa tí orí rẹ̀ rí eérú-eérú o, bíkòṣe èyí tí akọ rẹ̀ ní dúdú lọ́fun, wẹ́rẹ́ ló ń wọlé. Bí ẹ bá dín ihò náà kù dáadáa, ológoṣẹ́ kò ní wọlé mọ́, òótọ́ ni. Bluebird náà kò ní wọlé. Irú ìyà wo nìyí? Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tó gba àlejò tí mo pè ló gba ọ̀tá rẹ̀! Àwọn tó ń ta àpótí ẹyẹ lọ́jà á tún wá kan igi kékeré mọ́ ẹnu ihò kó lè dára lójú. Bluebird kò bẹ̀ wọ́n ní igi. Ológoṣẹ́ ló ń fi ṣe àga, tó ń jókòó lé e yẹ inú ilé onílé wò.

Ta ló kó wọn dé? Ìbéèrè tí kì í jẹ́ kí n sùn nìyẹn. Ní 1851, ní Brooklyn, ní New York, àwọn ọmọlúàbí kan tí ebi kò pa fi owó ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ra ológoṣẹ́, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn wá. Wọ́n ní kí wọ́n wá bá àwọn jẹ kòkòrò tó ń jẹ ewé igi àdúgbò. Ológoṣẹ́ dé, ó rí ọkà tó ń jábọ́ lẹ́nu ẹṣin lójú títì, ó ní kí kòkòrò máa ṣe tirẹ̀. Wọ́n bí sí i, wọ́n tàn ká. Nígbà tó di 1889, ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ètò ọ̀gbìn ti gbé odindi ìwé jáde, ìwé ńlá, lórí ìyà tí ológoṣẹ́ fi ń jẹ àgbẹ̀ àti ẹyẹ ilẹ̀ náà. Ẹ̀yin ará, ẹ ṣírò rẹ̀ fún mi. Ìwé jáde ní 1889. Ní 1890, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Eugene Schieffelin gbé starling 60 lọ sí Central Park, nínú New York kan náà, ó sì tú wọn sílẹ̀. Ọdún kan péré! Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó tún tú 40 sí i. Wọ́n máa ń sọ pé torí pé Shakespeare dárúkọ ẹyẹ náà nínú eré rẹ̀ ló ṣe kó o wá. Àwọn tó tú ìwé àtijọ́ wò ní àwọn kò rí ẹ̀rí kankan. Kí ó jẹ́ tìtorí Shakespeare tàbí tìtorí àìríṣẹ́ṣe, ó ti kú, kò sí nílé, èmi lẹ rí yìí ni mò ń gun àkàbà ní ẹ̀yìnkùlé lówùúrọ̀ kùtùkùtù, pẹ̀lú ṣòkòtò àwọ̀sùn, kí n tó lọ síbi iṣẹ́.

Ìjọba ńkọ́? Ìjọba ti ṣòfin o. Láti 1918 ni òfin ti wà tó dáàbò bo ẹyẹ ilẹ̀ yìí, ìtẹ́ wọn àti ẹyin wọn. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn wọ́n láìgbàṣẹ yóò rí pípọ́n ojú adájọ́. Òfin náà kò ka ológoṣẹ́ Òyìnbó àti starling mọ́ wọn, ìyẹn ni pé mo lè kó ìtẹ́ wọn dànù nígbàkúgbà. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: mo lè. Kò sẹ́ni tó ní òun ń bọ̀ wá bá mi kó o. Kí n tó kó o pàápàá, mo gbọ́dọ̀ dá a mọ̀ dájú, kí n má lọ kó ti ẹlòmíràn. Ti bluebird mọ́ tónítóní, koríko wẹ́wẹ́ tàbí ewé igi páìnì tó ká róbótó, ẹyin inú rẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún, aláwọ̀ sánmà. Ti ológoṣẹ́, gbogbo ìdọ̀tí ayé ló wà níbẹ̀, ẹyin rẹ̀ sì ní tó-tò-tó. Ẹyẹ kékeré kan tún wà, house wren, tí kò tó àtàǹpàkò mi, tó máa ń yọ́ wọlé lọ dá ẹyin bluebird lu. Mo ní kí n fojú òun náà rí nǹkan. Ìyá àgbà pariwo mọ́ mi: ẹyẹ ilẹ̀ yìí ni, òfin wà lẹ́yìn rẹ̀! Mo ní kò burú. Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ ní Ìkòròdú rí kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ojú ọmọ onílẹ̀.

Ọjọ́ tí mo ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, tí mo rí iṣẹ́ ológoṣẹ́, ni inú mi bàjẹ́ tán. Koríko gbígbẹ ló kọ́kọ́ yọ, ó kún dé ẹnu ihò, wọ́n fi ṣe òrùlé lé e lórí. Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìyẹ́ adìyẹ. Ọ̀rá bisikíìtì. Fọ́nrán òwú wáínì kan tí mo dá mọ̀ lójú ẹsẹ̀, torí etí aṣọ òfì ìyàwó mi ló ti já. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo fa bébà tóóró kan yọ, mo tẹ́ ẹ, mo kà á: rìsíìtì iṣu ni, iṣu tí mo fowó mi rà, tí wọ́n ta ẹyọ mẹ́ta fún mi níye dọ́là tí n ò fẹ́ dárúkọ. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ pátápátá ni abo bluebird dùbúlẹ̀ sí, lórí ẹyin rẹ̀, wọ́n ti fi ẹnu sọ ọ́ lórí títí ó fi kú. Kò sá. Ó lè jáde, ihò wà níbẹ̀, kò fi ẹyin sílẹ̀. Mo sin ín sídìí òdòdó, n kò sì jẹun àárọ̀ lọ́jọ́ náà.

Mo kó ìtẹ́ ológoṣẹ́ dànù. Ó tún kọ́ ọ. Mo tún kó o. Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ní ihò ni akọ ológoṣẹ́ fẹ́, kì í ṣe ìyàwó. Bí ìyàwó bá lọ, yóò wá òmíràn, ṣùgbọ́n ihò tó bá ti fojú sí, ó di tirẹ̀ títí ayé. N ò sọ èyí fún ìyàwó mi, torí mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò yọrí sí.

Oògùn kan wà tó ṣiṣẹ́. Bí bluebird bá ti yé ẹyin àkọ́kọ́, èèyàn á gbé ọ̀pá sókè lórí àpótí, á so rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dán mọ́ ọn, kó máa fẹ́ lẹ̀lẹ̀ lókè òrùlé. Ojú ológoṣẹ́ kò gbà á, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Bluebird tó ti ní ẹyin nílé kò bìkítà. Mo so tèmi, ọkàn mi balẹ̀. Àṣé ìyá ìyàwó mi ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó wá kí wa. Màmá dé lálẹ́, wọn ò rí nǹkan kan. Ní ìdájí wọ́n ṣí fèrèsé kíṣìnì, wọ́n rí òpó, wọ́n rí àpótí oníhò lórí òpó, wọ́n rí nǹkan tó ń kọ mànà lókè rẹ̀. Wọn ò kí mi. Wọ́n pe ọmọ wọn sí kọ̀rọ̀.

"Ìyá Tóbi, ààlè ta ni ọkọ ẹ pa sẹ́yìn ilé yẹn?"

"Màmá, ẹyẹ ló fi ń lé."

"Ẹyẹ?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Irú ẹyẹ wo? Èyí tí ń fò lójú ọ̀sán, àbí ti òru?"

Títí Màmá fi padà sílé, wọn ò gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Wọ́n ní kí n máa rọra ṣe ohun tí mò ń ṣe, pé Ọlọ́run Amẹ́ríkà náà ń rí mi.

Ìyàwó mi ńkọ́? Òun ló ń bọ́ ọ̀tá mi. Bí ìrẹsì bá ṣẹ́kù, bí búrẹ́dì bá gbẹ, á dà á sórí koríko fún àwọn ẹyẹ Ọlọ́run. Mo ní, "Ìyá Tóbi, bluebird kì í jẹ ìrẹsì. Kòkòrò àti èso ló ń jẹ. Ológoṣẹ́ lò ń sè fún." Ó ní, "Bàbá Tóbi, ológoṣẹ́ náà kì í ṣe ẹ̀dá ni? Àbí torí kò láwọ̀ tó rẹwà?" Ẹ̀yin náà ẹ wo ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ọlọ́jọ́ orí bí ìyàwó mi máa sọ.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọ̀rẹ́ mi kan níbi òde ìsọmọlórúkọ. Mo ti ń sọ fún gbogbo tábìlì pé àjèjì ẹyẹ ti gba ilé lọ́wọ́ ọmọ ilẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bu mọ́ín-mọ́ín sẹ́nu. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán ó ní, "1851 lo pè é tí ológoṣẹ́ dé síbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́, ọdún wo lo gba fíìsà?" Tábìlì tú ká fún ẹ̀rín. Mo ní èmi kọ̀wé, mo sanwó, wọ́n tẹ ìka mi, wọ́n tẹ̀ ẹ́ láìmọye ìgbà, n kò sì sọ ẹnikẹ́ni lórí kí n tó ríbi gbé. Kò sẹ́ni tó gbọ́, torí wọ́n ti gbé ẹran dé.

Àbúrò mi tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ló wá da epo sí iná. Mo rojọ́ fún un lórí fóònù, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ológoṣẹ́ kẹ̀? Àwọn ará ibí ń wá a ni!" Ó ní ológoṣẹ́ ti dín kù gan-an nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ti wọ ìwé pupa wọn, ìwé ẹyẹ tí ọ̀rọ̀ wọn ń fẹ́ ìtọ́jú kánkán, pé wọ́n tiẹ̀ ń ta ilé onílẹ̀kùn mẹ́ta fún un, torí ó fẹ́ràn kí ará ilé múlé ti ara wọn. Ilé onílẹ̀kùn mẹ́ta! Èmi tí mò ń gun àkàbà láti lé e kúrò nínú oníhò kan!

Mo ní kó jọ̀ọ́, kó bá mi béèrè ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ẹyẹ padà ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo ní kó sọ fún wọn pé ẹrù wọn wà lọ́wọ́ mi láti 1851, pé n kò ní gba owó ìtọ́jú, àwọn ni kí wọ́n san owó ọkọ̀, kí wọ́n ṣáà bu ọwọ́ lùwé pé wọ́n ti gbà á. Ó dákẹ́ lórí fóònù. Ó ní òun gbọ́, òun á béèrè, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, owó ẹbí ti oṣù tó kọjá, ìgbà wo lẹ máa fi tiyín ránṣẹ́?