Káńsù Tó Wà Lára Ògiri Ilé Mi

Ẹni tó bá ní ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 nílé, kó ṣí i sí apá ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí. Yóò bá ibi ìsìnkú níbẹ̀. Yóò bá ìwé àṣẹ fún kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ọ̀pọ́n, bárò àti ọmọlanke. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọjà àti gáréèjì, kó tó wá kan ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà àti iná ojú títì. Káńsù ni kó gbé iná títì kọ́, káńsù náà ni kó máa tún un ṣe. Òfin sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú.

Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn o. Apá tó kan bárò àti ọmọlanke, wọn ò fi ṣeré rárá. Kí ọmọ alábàárù tó ti bárò dé ẹnu ọjà, onítíkẹ́ẹ̀tì ti nawọ́. Ó jọ pé ibẹ̀ ni wọ́n kàwé dé tí oorun fi gbé wọn lọ, tí ojú wọn kò tíì kan ìlà iná títì di bí a ti ń wí yìí.

Ní àdúgbò tiwa n'Ìbàdàn, iná títì kan ṣoṣo tó wà ni èyí tó wà lára ògiri ilé mi. Fítíńgì rẹ̀ àtijọ́ ti wà níbẹ̀ kí iléeṣẹ́ iná NEPA tó di PHCN ní 2005, ojú rẹ̀ náà ni wọ́n ṣe pín PHCN wẹ́lẹwẹ̀lẹ tà fún aládàáni ní 2013. Orúkọ ń yí, òun kò yí. Gíláàsì rẹ̀ rí rogodo; òkú èsúnsún òjò àkọ́rọ̀ ọdọọdún ti kún un dé ìdajì. Irin ìdí rẹ̀ ti dógùn-ún, ọmọńlé méjì sì ń gbé ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọn ò sanwó ilé rí. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí iná sì tàn, wọ́n á yọrí, wọ́n á jókòó ti oúnjẹ.

Ọjọ́ tí iná náà kú ni mo tó mọ iye ará ìlú tó wà lábẹ́ àkóso mi. Ìyá Alákàrà ló kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn: “Bàbá Ìbejì, ẹ dákun, ẹ wá nǹkan ṣe sí iná yín. Mo rò pé igba náírà ni mo fi ṣe ṣéńjì fún èèyàn, àṣé ẹgbẹ̀rún ni!” Ọlọ́kadà tó máa ń dúró de èrò níbẹ̀ ní kòtò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òun mì, ó sì ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo gbẹ́ ẹ. Télọ̀ òdìkejì bi mí bóyá owó gílóòbù ni kò sí, kí àwọn dá a. Kò dá kọ́bọ̀. Àwọn méjì kan wà tí wọ́n máa ń ka ìwé WAEC lábẹ́ iná náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan. Àwọn nìkan ni kò fẹjọ́ sùn.

Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó dárúkọ káńsù.

Mo pe oníná. Ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀. “Dádì, ká sòótọ́, fítíńgì yìí ti lo ìgbà ẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ gílóòbù nìkan.” Ó wá ka ìnáwó: fítíńgì tuntun, wáyà, téèpù, owó iṣẹ́, lẹ́yìn náà owó gígun àkàbà. Mo ní ṣé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló rò pé wọ́n ń gbé iná ògiri sí tó fi ya owó àkàbà sọ́tọ̀ ni. Ó ní àkàbà kì í ṣe tòun, òun yá a ni. Ọwọ́ ìkọ̀wé kọńtírákítọ̀ ìjọba gan-an nìyẹn, àfi pé tèmi parí iṣẹ́ tirẹ̀.

Èmi àti oníná jọ lọ sọ́jà. Wọ́n fi iná sọ́là kan hàn wá, wọ́n kọ “1000W” gàdàgbà sára páálí rẹ̀. Páánẹ́ẹ̀lì orí rẹ̀ kò ju ìwé kíkọ ọmọ ilé-ìwé lọ. Oòrùn ọ̀sán gangan, nǹkan bíi wáàtì 1,000 ló ń tú sórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, páánẹ́ẹ̀lì tó dáa sì ń rí nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún gbà níbẹ̀. Ẹni tó lè fi ìwé kíkọ kan kó 1,000 jọ, ìbò gómìnà ló yẹ kó máa du. A mú LED wáàtì 10 tó ní IP65 lára: 6 yẹn ni pé eruku ò lè wọ̀ ọ́, 5 ni pé bí omi bá ń tú sí i lára, kò ní ṣe é ní nǹkan. Èsúnsún náà ò ní ríbi sin ara wọn sí mọ́.

Kò síná lọ́jọ́ tí a gbé e. Síbẹ̀, oníná ní kí n lọ pa bíréékà, ó tún fi téèpù dè é kí ọmọ kankan má baà gbé e sókè. Ọmọkùnrin yìí mọṣẹ́. Iná wa kì í wá nígbà tí a bá ń retí rẹ̀, àmọ́ ó mọ ìgbà tí ọwọ́ èèyàn bá wà lára wáyà. Wáyà pupa àti dúdú ayé àtijọ́ ló bá nínú ògiri, búráùn àti búlúù ló wà lára tuntun; ó so pupa mọ́ búráùn, dúdú mọ́ búlúù. Aláwọ̀ ewé, èyí tó yẹ kó wọlẹ̀ lọ, àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é kò fi síbẹ̀ rárá. Ó ní irin ni ara fítíńgì tuntun, àfi ká fà á. Owó ìyẹn náà lé sí i.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó iná. Gílóòbù wáàtì 60 tó bá tàn fún wákàtí 12 yóò jẹ yúníìtì 0.72. Lóṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní ìpele Band A sí N225 fún yúníìtì kan, N162 nìyẹn lóru ọjọ́ kan. LED wáàtì 10 á jẹ N27. Ó dínkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n àpò mi náà ló ń ti jáde. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti là á mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ 11, oṣù keje ọdún yẹn, pé owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró lọ́wọ́ gómìnà mọ́, kó máa lọ bá wọn tààrà. Mo ń retí. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà ní Nàìjíríà. Kí wọ́n kọ tèmi mọ́ ọn, kó di 775, kí wọ́n sì bi mí ní nọ́ńbà àkáǹtì.

Alága ẹgbẹ́ lańlọ́ọ̀dù gbọ́. Ó ní kí n má tíì tàn án, òun ń bọ̀ wá ṣí i. Agbádá ló wọ̀ wá, ó mú oníkámẹ́rà dání. Wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n pàtẹ́wọ́, mo tẹ súwíìṣì: kò síná. Alága kò mira. Ó nàka sí fítíńgì, wọ́n ya fọ́tò, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba. Ẹ má bínú sí i, ipò kańsẹ́lọ̀ ló ń wò. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni iná tó dé, tí àwọn ọmọdé fi ń pariwo “Up NEPA!” fún iléeṣẹ́ tó ti kógbá sílé kí wọ́n tó bí wọn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, káńsù gidi dé. Akọ̀wé kan ni, alẹ́ ló sì wá, torí ó ní gbogbo ọ̀nà yòókù ṣókùnkùn jù, ibi tí iná wà lòun ti lè pín ìwé. Ìwé tèmi sọ pé fítíńgì mi yọ sójú títì láìgbàṣẹ, kí n wá sanwó rẹ̀. Mi ò sí nílé. Ìyá Alákàrà ló gbà á. Ó gbé e sókè sí iná, ó kà á tán, ó ṣẹ́ ẹ ní ṣóńṣó, ó sì fi di àkàrà ẹgbẹ̀ta náírà tí akọ̀wé náà ń rà lọ́wọ́ rẹ̀.