Íńjíníà Wáífáì

Láti Ìkẹjà dé Bódìjà, ọ́fíìsì tí kò ní Íńjíníà Wáífáì kò wọ́pọ̀. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ní kó máa tún ṣe, ṣùgbọ́n "Íńjíníà" ni kí ẹ máa pè é bí ẹ bá fẹ́ kí fóònù yín fojú kan íńtánẹ́ẹ̀tì. Òun nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tí ráútà wà. A kò mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀. A ṣáà mọ̀ pé ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ dára, ojú rẹ̀ a sì máa wú bó bá jáde.

MikroTik ni ráútà ọ̀hún, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Latvia. Òfin tí Íńjíníà kọ sínú fáyàwọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ súà. Láti òkè ni ẹ̀rọ náà ti ń kà á wá sísàlẹ̀. Òfin tó bá kọ́kọ́ bá ọ̀rọ̀ mu ló ń dá ẹjọ́, kò ní ka ìyókù mọ́. Nítorí náà, ìlà kìíní: kọ̀ǹpútà Íńjíníà, jẹ́ kó kọjá. Ìlà kejì: fóònù ọ̀gá àgbà, jẹ́ kó kọjá. Láti ìlà kẹta, Facebook, èèwọ̀, YouTube, èèwọ̀, TikTok, ẹ má tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Bí Arsenal bá sì ń gbá bọ́ọ̀lù, geere ni àwòrán ń já lórí kọ̀ǹpútà ti ìlà kìíní.

Torch ló fẹ́ràn jù, ojú ibi tí ráútà ti ń fi hàn án bí kálukú ṣe ń fa dátà. Á jókòó tì í pẹ̀lú gúgúrú, á dédé pariwo: "Àǹtí Bọ́lá, kí lẹ ń wò tó wúwo báyìí?" Àyà Àǹtí Bọ́lá á já. Bẹ́ẹ̀ Íńjíníà kò rí ohun tí obìnrin náà ń kà rárá. Https ti di ọ̀rọ̀ náà pa. Ibi tí ẹrù ń lọ àti bó ṣe tó nìkan ni Torch ń sọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún Àǹtí Bọ́lá?

"Íńjíníà wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí i."

"Àǹtí, kì í ṣe èmi o. Ẹ̀rọ ló tì í."

Bí súyà bá ti dé orí tábìlì, ẹ̀rọ náà á ṣàánú.

Àwọn ọ̀dọ́ kì í bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní oṣù kẹfà ọdún 2021 títí wọ ọdún 2022, VPN ni gbogbo wa fi gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, a kò sì gbàgbé ọ̀nà. Inú bí Íńjíníà, ó kọ òfin láti dí VPN, ó sì dí ọ̀nà tí a fi ń sanwó ní báńkì mọ́ ọn. Ọ̀gá bi í. Ó ní okùn abẹ́ òkun ló já. Lóòótọ́, okùn já nítòsí Côte d'Ivoire ní oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn báńkì wa sì dákú. Láti ìgbà náà, okùn yẹn kò yéé já fún Íńjíníà.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó jókòó sílé ní Agége, ó ń tún òfin kọ láti òkèèrè. Ó gbé "drop" sórí gbogbo òfin, kò rántí yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ráútà ṣe bó ti wí: ó tì í síta. Safe Mode ìbá dá gbogbo rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ó ní ọmọ iṣẹ́ ló ń lò ó. Ló bá sáré wá sí ọ́fíìsì lóru. Mẹ́gáàdì kò ṣílẹ̀kùn: wọn kò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Kì í ṣe súyà ló ń bí mi nínú. Ọ̀nà tó ń gbà wọ ráútà láti Agége, port 8291 ti Winbox, ó ṣí i kalẹ̀ fún gbogbo ayé. Ní ọdún 2018 ni ihò kan yọ lára Winbox tí olè lè gbà jí páswọ́ọ̀dù kó. Oṣù kẹrin ọdún náà ni MikroTik ti gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde, ọ̀fẹ́ sì ni. Ráútà tiwa kò tíì gbọ́. Àǹtí Bọ́lá tó ń wo àǹkárá lórí Instagram ni ọ̀daràn tí Íńjíníà ń ṣọ́ tọ̀sán-tòru. Apá ìta ni kò yí Torch sí rí.

Bí ẹ bá ní Íńjíníà tiyín, ẹ bi í pé ìgbà wo ló ṣàtúnṣe ráútà kẹ́yìn. Ẹ má bi í níṣojú ọ̀gá o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìlà kẹta ti di tiyín.