Lẹ́tà Ṣíṣí sí Tánkì Dúdú Orí Irin ní Ìjagun

Ẹ̀yin Olóyè Tánkì,

Ẹ kú òkè o. Ẹ kú ìdúró, ẹ kú oòrùn, ẹ kú àmójútó wa. Mo mọ̀ pé ike lásán ni yín, ọjọ́ orí yín kò sì tó ti àbígbẹ̀yìn mi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ga ju gbogbo ilé lọ, bíi balógun lórí ẹṣin lọ́jọ́ ọdún Ojúde Ọba, a kì í pè é ní "ìwọ". Ara le bí? Omi ńkọ́? Ẹ má tíì dáhùn ìyẹn, mo ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Kí àwọn tó ń bá wa kà á má baà rò pé orí mi ti dàrú: ẹni tó ni yín kò fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ sí òun lójú. Àgbà ni, lánlọ́ọ̀dù tún ni; Baba la ń pè wọ́n. Ayálégbé tí kò bá fẹ́ kí owó ilé òun gbéra, ẹ̀bá ògiri ló ti ń sọ tẹnu rẹ̀. Èmi wá sọ tèmi fún ẹ̀yin tí ẹ súnmọ́ fèrèsé yàrá wọn jù wá lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìdájí. Bí iná ọba bá dé láago mẹ́rin òru, Baba á dìde, wọ́n á tan ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú bọ́ọ̀hóòlù, wọ́n á sì padà sùn. Oorun ìdájí dùn, n kò bá wọn jà. Ẹ̀yin náà á máa gba omi, ẹ ó gbà á, ẹ ó gbà á, títí ẹ ó fi yó. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ẹ ti yó, Baba sì ń hanrun. Ni ẹ ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bì í. Omi á máa ya lu páànù ìyá alákàrà tó wà nísàlẹ̀ yín, a ó jí gìrì, a ó sáré lọ ká aṣọ lórí okùn nínú oṣù Ṣẹẹrẹ tí ojú ọ̀run mọ́ roro. Omi ọ̀hún á gba ara ògiri sọ̀ kalẹ̀ (ògiri yẹn ti di aláwọ̀ ewé, ó ń yọ̀), á gba abẹ́ géètì bọ́ sójú títì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa ká ṣòkòtò sókè kí wọ́n tó lè rékọjá. Ewúrẹ́ nìkan ni mo rí tó ń rí èrè níbẹ̀.

Tó bá wá di ọ̀sán, a ṣí ẹnu ẹ̀rọ, atẹ́gùn ló ń jáde. Gbogbo ilé ti lò yín gbẹ, iná ti lọ, èyí tí ẹ sì bì sílẹ̀ láàárọ̀ ti di ti gọ́tà. Mẹ́ruwà tó ń ta omi á ti ọmọlanke rẹ̀ dé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì àti ẹ̀rín. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi eyín já omi inú ọ̀rá kan tẹ̀lé òmíràn, tó ń dà á sórí ara rẹ̀ kó lè wẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn ìdánwò. Mo ti rí gàrí Ìjẹ̀bú, èyí tó kan gooro, tó jókòó sínú abọ́ pẹ̀lú ẹ̀pà àti ṣúgà, tó ń retí omi. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú! Níbo la ti ń gbọ́ irú ìyẹn?

Bẹ́ẹ̀ ohun kékeré kan wà tí púlọ́ńbà máa ń fi sínú tánkì, tó ń léfòó lórí omi. Bí omi bá ti gòkè dé ọrùn yín, á pa ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ láìjí ẹnikẹ́ni. Owó rẹ̀ kò dé ẹsẹ̀ owó aṣọ tí Baba san fún rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn nígbà Ojúde Ọba tó kọjá. Aṣọ náà bá wọn mu o, mo júbà.

Ẹ̀sùn kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí òjò la fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Òjò mìlímítà kan, bó bá bọ́ sórí páànù tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, lítà omi kan ló fún wa. Òjò tó ń rọ̀ ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Òde tiwa yìí láàárín ọdún kan sì ju 1,500 mìlímítà lọ. Òrùlé tó fẹ̀ ní mítà mẹ́wàá níbùú àti mẹ́wàá lóròó, 150,000 lítà ló ń ti orí rẹ̀ ṣàn lọ lọ́dún. Ká ní ìdá kan nínú márùn-ún fò dànù, ó ṣì ku 120,000. Ẹ jẹ́ ká fi kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 ti mẹ́ruwà wọ̀n ọ́n: 4,800 kẹ́ẹ̀gì. Gbogbo rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ níwájú yín, ẹ ń wò ó, ó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé lọ. Òjò ọ̀sán kan tó bá dé 25 mìlímítà ti tó láti kún tánkì onílítà 2,000 irú yín bámúbámú, láìsí iná ọba, láìsí jẹnẹrétọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí ní ìdájí.

Ẹ̀yin kọ́ la ní kí ẹ gbà á, ẹ ga jù. A fẹ́ kí ẹ ní àbúrò kan tí yóò jókòó sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀, tó ní ìdérí kí ẹ̀fọn má baà sọ ọ́ di ilé. Òjò àkọ́rọ̀ tó fọ eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò lórí páànù, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Èyí tó tẹ̀lé e la ó fi fọṣọ, tí a ó fi nulẹ̀, tí a ó fi ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo mọ̀ pé kò ní dúró de oṣù Èrèlè. Ṣùgbọ́n láti Igbe títí wọ Ọ̀wàrà, bọ́ọ̀hóòlù á sinmi, apá kan owó epo á sì wà nínú àpò Baba. Àwọn baba ńlá wa pàápàá mọ̀ ọ́n: wọ́n kọ́ agbo ilé tí òrùlé rẹ̀ dà sí àárín, ìkòkò ni wọ́n tò sábẹ́ rẹ̀. Àwa la kọ́ ilé olókè méjì, tí a kùn ún ní ọ̀dà, tí a kọ ẹ̀yìn sí òjò.

Nígbà ọyẹ́, ẹ máa ń rí eruku funfun tó ń bo orí yín. Púpọ̀ nínú rẹ̀, láti ẹkùn Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad ló ti ń bọ̀, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà. Lọ́dọọdún ni aṣálẹ̀ ń fi eruku rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, ẹ sì ń gbà á. Kí ló dé tí ẹ kò gba ọgbọ́n rẹ̀ mọ́ ọn?

Torí àwọn tí òjò ń ṣahun sí kò fi ṣeré. Ní Yatenga, ní àríwá Burkina Faso, àgbẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Yacouba Sawadogo. Lẹ́yìn ọ̀dá tó le gan-an, láti nǹkan bí ọdún 1980, inú ẹ̀ẹ̀rùn ló ti ń gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀ tó ti le koránkorán, tó ń da ìgbẹ́ ẹran sí i, kí òjò tó dé. Wọ́n ní orí rẹ̀ kò pé, torí ta ló ń ro ilẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Òjò dé, ihò gba omi, ọkà hù, igi hù, ilẹ̀ gbígbẹ di igbó. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Right Livelihood lọ́dún 2018 kó tó di olóògbé ní 2023. Ọkọ́ ló lò o, kò ní ẹ̀rọ, kò ní irin gíga.

Ẹ tún wo ìlú Tucson ní Amẹ́ríkà, inú aṣálẹ̀ Sonora. Òjò wọn lọ́dún kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin tiwa. Ìgbìmọ̀ ìlú wọn ṣòfin ní 2008, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, pé ilé okòwò tuntun gbọ́dọ̀ fi omi òjò tó gbà pamọ́ ṣe ó kéré tán ìdajì omi tó ń bu rin igi àti òdòdó àyíká rẹ̀. Ní àdúgbò Dunbar/Spring níbẹ̀, àwọn ará àdúgbò a máa péjọ gbin igi, wọ́n sì gé etí títì kí omi òjò lè ya wọ ìdí igi náà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gé e, òfin kò gbà á. Nígbà tó yá, ìjọba ìlú fọwọ́ sí i.

Ní tiwa ńkọ́? Ẹgbẹ́ àwọn lánlọ́ọ̀dù ń pàdé. Wọ́n ń sọ ti ọlọ́dẹ, wọ́n ń sọ ti tiransifọ́mà, wọ́n ń jẹ bisikíìtì, wọ́n ń ká ìpàdé nílẹ̀. Ohun tí Baba mú bọ̀ nínú ọ̀kan nínú ìpàdé ọ̀hún ni pátákó tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ ìsàlẹ̀: "Ayálégbé, má fi omi ṣòfò." Ibi tí wọ́n so ó mọ́ gan-an ni omi tí ẹ̀ ń bì ti máa ń ta sí. Lẹ́tà méjì ti pa rẹ́ nínú rẹ̀ báyìí.

Ọjọ́ 22 oṣù Ẹrẹ́nà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún omi láti ọdún 1993. Àsìkò tí òjò tiwa ń bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Mi ò ní ká ṣe àpèjẹ, mi ò ní ká rán aṣọ. Àkàbà, òòlù àti páànù tí wọ́n ká bí ọpọ́n ti tó. Kí àdúgbò máa ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, kí wọ́n máa kàn án mọ́ òrùlé. Wọ́n sì ní orúkọ a máa ro ni. Láti ọdún 2005 ni yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ Táí Ṣólàrín ti ń fún àwọn onílé Ìjagun ní ayálégbé. Ọkùnrin oníṣòkòtò péńpé yẹn, tó dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, ọwọ́ ara ẹni ló ní kí ọmọ ilé ìwé fi gbin oúnjẹ tí yóò jẹ. Àdúgbò tó ń jẹun lábẹ́ orúkọ rẹ̀ ló ń dúró de mẹ́ruwà yìí.

Olóyè, n kò ní dá yín dúró sínú oòrùn mọ́. Àwa ayálégbé ti pe púlọ́ńbà. Ó ti wo ọrùn yín, ó ti wọn òrùlé, ó ti dá iye owó ohun tó ń léfòó yẹn, ti páànù ọ̀ṣọ̀rọ̀ àti ti àbúrò yín. Ẹ bá wa sọ fún Baba pé kí wọ́n má ṣe ìyọnu rárá: a ti dá owó náà láàárín ara wa, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, a ó sì yọ ọ́ nínú owó ilé tó ń bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ayálégbé yàrá ẹ̀yìn