Bí Mo Ṣe Fi Sódábì Dáná Sun Iyì Mi Lójú Àwọn Àna

Bí ẹ bá pàdé mi ní Adja-Ouèrè lọ́sẹ̀ yìí, tí ẹ rí i pé irun òkè ojú mi ọ̀tún ti wábi gbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí mi kú ewu. Wọ́n ti kí mi tó. Àwọn ọmọdé tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ ti sọ mí ní Bàbá Oníná. Ẹ ṣáà gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi, nítorí èyí tí wọ́n ń sọ lọ́jà Ikpinlè ti fi ilé méjì tó jóná kún un.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló gbé mi lọ sílé oúnjẹ olówó ńlá kan ní Kútọnu. Aṣọ funfun lórí tábìlì, fọ́ọ̀kì mẹ́ta lápá òsì, ọ̀bẹ mẹ́ta lápá ọ̀tún, ọmọkùnrin kan sì dúró lẹ́yìn mi bí onígbàjámọ̀ tó ń dúró de orí. Oúnjẹ ń wá ní díẹ̀díẹ̀, àwo kan lẹ́yìn òmíràn. Nígbà tó kù díẹ̀ ká tán, ọ̀gá ìdáná jáde, ó da ọtí sínú páànù, iná sọ, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi pé mo ti mọ ohun tó ń mú ilé oúnjẹ gbayì. Ó ní kí ni. Mo ní iná ni. Mo sì ránṣẹ́ pe àwọn àna mi.

Bàbá ìyàwó mi dé, ìyá rẹ̀ dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin náà ti Sakété dé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dìde, mo fi wọ́n jókòó sídìí fọ́ọ̀kì àyálò. Mo ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lò ó, nítorí ó rọrùn: èyí tó wà lóde pátápátá lẹ kọ́kọ́ máa mú, fọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan ní oúnjẹ tirẹ̀, bí àwo bá ti ń lọ ni fọ́ọ̀kì rẹ̀ ń bá a lọ. Bàbá fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó wá ṣa méjì nínú mẹ́ta tirẹ̀ jọ, ó nà án sí mi: "Bàbá Ìbejì, ẹ gbà. Ọ̀kan tó mi. Ẹ fún ẹni tí kò ní." Màmá ní tirẹ̀ ní òun ò rí omi ìfọwọ́. Mo ní ìfọwọ́ kọ́, Màmá, fọ́ọ̀kì la fẹ́ lò. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n bá òun gbé omi wá. Wọ́n gbé abọ́ omi ńlá kan wá, ó ba ẹwà tábìlì mi jẹ́ pátápátá, inú mi ò dùn sí i.

Àwo àkọ́kọ́ dé: wàgáṣì, wàrà àwọn ìyá Fúlàní, ègé tín-ín-rín kan péré, epo pupa ẹ̀kán mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ewé ẹfinrin kan lórí. Àwo náà fẹ̀ débi pé ọmọdé lè sùn nínú rẹ̀. Bàbá wò ó títí. Ó rọra bi mí pé, "Ṣé kí n tọ́ ọ wò fún yín ni, bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó?"

Ẹ jẹ́ kí n gbèjà ara mi. Àwo kan lẹ́yìn òmíràn kì í ṣe ahun. Nílẹ̀ Faransé láyé àtijọ́, gbogbo oúnjẹ ni wọ́n ń tò sórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà, ó lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n á ti tutù kí ọwọ́ tó dé ìdajì rẹ̀. Láàárín ọdún 1800 sí 1900 ni wọ́n gba àṣà àwọn ará Rọ́ṣíà: ẹ gbé ọ̀kan wá, ẹ kó o kúrò, ẹ gbé òmíràn wá, kí gbígbóná lè bá ẹnu ní gbígbóná. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn gba ọwọ́ púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí Auguste Escoffier, ọ̀gá alásè ará Faransé, fi pín ilé ìdáná sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́: ẹni kan lórí ọbẹ̀, ẹni kan lórí ẹja, ẹni kan lórí ẹran yíyan, ẹni kan lórí ohun dídùn, àti ọ̀gá tó ń pe ohùn kí gbogbo rẹ̀ lè jinná pọ̀.

Nílé tèmi, èmi ni ọlọ́bẹ̀, èmi ni ẹlẹ́ran, èmi ni agbáwo, èmi náà sì ni mo ń pe ohùn, tí mo tún ń dá ara mi lóhùn. Láàárín àwo kìíní sí èkejì, Bàbá sùn. Ó jí. Ó tún sùn.

Ó wá kan iná. Mo gbé gáàsì kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, mo gbé adìyẹ nínú páànù lé e. Bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é nìyí, ẹ gbọ́ ọ kí ẹ má bàa dà bí mo ṣe dà. Kì í ṣe ọtí gan-an ló ń jó, ooru rẹ̀ ni. Omi ń hó ní ìwọ̀n ooru 100, ọtí inú rẹ̀ ti ń fò lọ ní 78. Nítorí náà, ife kékeré ni wọ́n fi ń wọn ọtí náà, ẹnikẹ́ni kì í dà á láti inú ìgò, torí iná lè gun ìṣàn ọtí wọ inú ìgò lọ. Wọ́n á gbé páànù kúrò lórí iná kí wọ́n tó dà á. Ìṣáná gígùn ni wọ́n fi ń ràn án létí páànù, ojú á sì jìnnà. Ọtí tó le ní ìwọ̀n 40 nínú 100 ti tó fún un.

Èmi lo sódábì. Ẹ mọ̀ ọ́n: ọ̀pẹ tí wọ́n gé lulẹ̀, ẹmu rẹ̀ tó kan, tí wọ́n sè nínú àgbá, tí ooru rẹ̀ gba inú ọ̀pá kọjá nínú omi tútù kó tó máa kán. Èyí tó kọ́kọ́ kán ló le jù. Ọkùnrin tó tà á fún mi ní nítorí pé àna ni mo fẹ́ lò ó fún, òun á fún mi lórí rẹ̀. Ó fún mi lórí rẹ̀ lóòótọ́.

Mo gbé ìgò sókè. Iná mànàmáná lọ. Inú mi dùn, mo ní nínú òkùnkùn ni yóò ti lẹ́wà jù. Páànù ṣì wà lórí gáàsì. N kò rí ibi tí ọtí dé, mo ń dà á lọ. Ohun tó tẹ̀ lé e, ariwo "húù" kan ni, ojúmọ́ sì mọ́ nínú ilé mi. Mo rí ojú Bàbá kedere, ó ti jí. Mo rí aṣọ tábìlì tó ń jó láti etí wá. Mo rí apá agbádá mi, òun náà ń jó. Mo fẹ́ sá, mo rántí pé àlejò wà níwájú mi, mo bá dúró, mo rẹ́rìn-ín músẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ìdáná ti Kútọnu ti ṣe.

Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé abọ́ omi ìfọwọ́ rẹ̀, ó da gbogbo rẹ̀ lù mí, èmi, adìyẹ àti aṣọ funfun. Òkùnkùn padà. A gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi: "Ẹ tún un ṣe, mi ò tíì tẹ fóònù."

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ń bí mi nínú lóòótọ́. Ní Kútọnu níbi tí mo ti lọ kọ́ ìkọ́kúkọ̀ọ́ yìí, òróró ólífì ni wọ́n fi dá mi lọ́lá. Ní Pobè, tí kò jìnnà sí wa rárá, láti ọdún 1922 ni wọ́n ti ń ṣe ìwádìí lórí igi ọ̀pẹ. Kí ló dé tí epo wa kò fi yẹ tábìlì aláṣọ funfun? Ní Lọ́ńdọ̀nù, Adejoké Bakare fi oúnjẹ ilẹ̀ wa gba ìràwọ̀ Michelin fún ilé oúnjẹ rẹ̀, Chishuru, ní 2024. Georgiana Viou, ọmọ Kútọnu gan-an, gba tirẹ̀ ní Nîmes ní 2023. Oyinbo ń sanwó ńlá jẹ ohun tí àwa ń fi pamọ́ fún àlejò!

Ìwé Michelin tó ń fún ilé oúnjẹ ní ìràwọ̀ yẹn, àwọn tó ń ṣe táyà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1900. Ìràwọ̀ wọlé ní 1926. Ohun márùn-ún ni àwọn tó ń dán oúnjẹ wò níbẹ̀ ń wá: kí èròjà dára, kí adùn bá ara wọn mu, kí ọwọ́ alásè já fáfá, kí ìwà rẹ̀ hàn nínú oúnjẹ, kó sì rí bákan náà lójoojúmọ́. Ẹ tún un kà. Kò sí fọ́ọ̀kì níbẹ̀. Kò sí aṣọ funfun. Iná kò sí níbẹ̀ rárá.

Lẹ́yìn iná ọjọ́ yẹn, Màmá wọ ilé ìdáná mi pẹ̀lú fìtílà. Ó ṣan adìyẹ náà, ó fi epo àti ata sè é, ó ro ọkà. Gbogbo rẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń ru. Ó ti gé ẹran Bàbá wẹ́wẹ́, torí eyín rẹ̀ kan ń dùn ún. Kò sẹ́ni tó sọ fún un kó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fi ọwọ́ jẹ tèmi, mo sì gba àfikún.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí ẹ wá fi owó ńlá jẹun níbì kan, ẹ wo ohun mẹ́ta péré: ṣé gbígbóná ń dé ní gbígbóná, ṣé wọ́n rí ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó béèrè, ṣé bó ṣe dùn lánàá náà ló dùn lónìí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sanwó, kódà bó jẹ́ abẹ́ àtíbàbà ni. Bí ẹni kan bá sì jáde pẹ̀lú ìgò ọtí àti ìṣáná, ẹ sún àga yín sẹ́yìn.