Ọmọ Ọdún Mọ́kànlá Tó Jagun Biafra

Èmi kì í ṣòfófó. Ẹ bi gbogbo ará Ládìpọ̀ léèrè, láti ibùdókọ̀ Tòyótà títí dé Màtọ́rì, wọn á sọ fún yín. Àmọ́ ilé tí yàrá mẹ́wàá ti kọjú síra wọn, tí ẹni yàrá kìíní bá sín, tí ẹni yàrá kẹwàá ní "ẹ pẹ̀lẹ́", ṣé ẹ fẹ́ kí n fi òwú dí etí ni? Ọ̀rọ̀ ló ń wá bá mi nídìí ẹ̀kọ tí mò ń tà, èmi kọ́ ni mò ń wá a lọ.

Ẹ ṣáà mọ Bàbá Sójà. Ìyálé wà ní yàrá kẹrin, Ìyá Kékeré wà ní karùn-ún, bàbá fúnra rẹ̀ sì wà ní páséèjì lórí àga onírin, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní lè sọ pé ó ń ṣojúsàájú. Tó bá di ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọjọ́ ìrántí àwọn ológun, bàbá á dé bèrétì, á kó àmì ẹ̀yẹ sáyà, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ yẹn ni Biafra túúbá ní 1970, ó ní ojú ogun ni ìròyìn ti bá òun. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn rí nínú ilé yìí. Ìjọba ló bá a jiyàn.

Péńṣàn bàbá ló dédé dúró. Ó lọ sí ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ (ẹ̀kọ ni mò ń tà, n ò tíì tó ẹni tó ń bá ọ́fíìsì jà), wọ́n ní orúkọ inú fáìlì rẹ̀ kò bá ti báǹkì mu, ọjọ́ ìbí inú fáìlì kò sì bá ti NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè) mu. Ó wá dà bí ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tí nọ́ńbà ara rẹ̀ yàtọ̀ sí ti inú ìwé ọkọ̀. Ọlọ́pàá ò ní bi ẹ́ bóyá mọ́tò náà ń rìn.

Ẹ jẹ́ ká mú ti orúkọ. Ní 1967 tí wọ́n ń kó ọmọ sógun, akọ̀wé bi í pé, "Kí lorúkọ ẹ?" Ó ní, "Múdà." "Ọmọ ibo?" "Ìsẹ́yìn." Akọ̀wé kọ Muda Iseyin, ó pe ẹni tó kàn. Ó tán. Orúkọ bàbá tó bí i lọ́mọ kò wọ ìwé ológun títí tó fi di sájẹ́ǹtì, títí tó fi fẹ̀yìn tì.

Bàbá ní kì í ṣe òun nìkan, pé láti ayé òyìnbó ni àwọn sójà Òkè Ọya ti ń fi orúkọ ìlú wọn ṣe orúkọ ìdílé. Ibẹ̀ ni yóò ti já sórí Chari Maigumeri. Bí bàbá bá sì ti mẹ́nu ba Maigumeri, kí ẹ yáa sọ ìkòkò yín kalẹ̀. Ọmọ Borno ni ọkùnrin náà, ìlú Magumeri sì wà ní Borno dòní. Ọ̀dọ̀ àwọn Jámánì ló ti kọ́kọ́ ṣe sójà ní Kamẹrúùnù, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Iron Cross nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú un lẹ́rú ogun ní 1915. Kò pẹ́, ó di sójà Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí Ogun Kejì sì dé, àwọn náà fún un ní Military Medal. Ti Jámánì àti ti Gẹ̀ẹ́sì lórí àyà kan ṣoṣo! Bárékè tí wọ́n fi sọ orí rẹ̀ wà ní Lọ́kọ́ja, Lọ́kọ́ja yẹn náà sì ni ọ́fíìsì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn sójà Nàìjíríà wà. Bàbá ní, "Ẹni tó jagun fún ọ̀gá méjì, bárékè ni wọ́n fi dá a lọ́lá. Èmi tí mo jagun fún ẹyọ kan, wọ́n ní ta ni mí."

Ti orúkọ ṣì kéré. Ti ọjọ́ orí ló pa wá lẹ́rìn-ín.

Fáìlì ológun ní 1948 ni wọ́n bí i. NIN ní 1956. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ro ó, ó tún un rò, ó ní, "Bàbá, ẹ wọṣẹ́ ológun ní 1967. Ọmọ ọdún mọ́kànlá lẹ fi gbé ìbọn?" Wọ́n ní gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà ló rẹ́rìn-ín. Ọmọ bàbá tó tẹ̀ lé e lọ ló sọ fún mi. Èmi ò bi í o. Ẹ̀kọ méjì ni mo bù fún un, ọ̀rọ̀ yọ fúnra rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ o. Bàbá yìí kan náà ló máa ń ròyìn fún wa bí òun ṣe wà lára àwọn ọmọ iléèwé tó ju àsíá sí Ọbabìnrin Elizabeth nígbà tó wá sí Ìbàdàn ní 1956. Ẹni tí wọ́n bí ní 1956! Ṣé ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló ti ń ju àsíá ni?

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé méjèèjì ni irọ́. Nǹkan bí 1950 ni wọ́n bí i. Ó fi ọdún méjì kún un kí wọ́n lè gbà á sógun, àwọn tó ń gbà á sì ń wo ojú ọmọ tí irùngbọ̀n kò tíì hù, wọn ò bi í léèrè, nítorí èèyàn ni wọ́n ń wá. Kò bẹ̀rẹ̀ lórí tiẹ̀. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀múrè-Ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀wọ̀, ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta ní 1942. Burma ni wọ́n gbé e lọ. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 1944, àwọn Japan ká wọn mọ́ etí odò Kaladan, ìbọn ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Òun àti ará Sierra Leone kan ló kù sínú igbó ibẹ̀, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Shuyiman sì ń fi oúnjẹ bọ́ wọn ní ìkọ̀kọ̀ títí di oṣù Ọ̀pẹ, kí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun wọn tó rí wọn. Ó padà sílé, ó ń tiro, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé nípa gbogbo ohun tójú rẹ̀ rí, kò dúró de akọ̀wé kankan. Ọdún 2012 ló kú. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń wọkọ̀ kọjá ní bárékè Myhoung ní Yaba lójoojúmọ́, Burma ni wọ́n ti mú orúkọ yẹn wá, òun àti Dodan ti Ìkòyí àti Arakan ti Àpápá. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé?

Ẹ̀n-ẹ́n, 1956. Ìgbà tí bàbá fẹ̀yìn tì, ó fẹ́ ṣiṣẹ́ aṣọ́géètì ní iléeṣẹ́ kan tí kì í gba àgbà, ló bá gé ọdún. Ìgbà kan náà ló ń tọrọ Ìyá Kékeré. Ẹ ti mọ èyí tó kù.

Ni ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn bá ní ọjọ́ ìbí tí èèyàn bá kọ nígbà tó ń wọṣẹ́, kò ṣeé fọwọ́ kàn mọ́, pé NIN ni bàbá máa lọ yí padà. Wọ́n lọ. Owó àtúnṣe ọjọ́ ìbí nìkan lọ́dọ̀ àwọn NIN jẹ́ 28,574 náírà, kò tíì kan ti àfidéfíìtì ní kóòtù, kò tíì kan ti ìwé ìròyìn tó máa gbé ìyípadà orúkọ jáde, kò tíì kan ti kẹ̀kẹ́ Márúwá. Gbogbo ayé ń sanwó kí wọ́n lè kéré, bàbá wa ń sanwó kó lè dàgbà! Irọ́ 1956 ni wọ́n sì ní kó fi irọ́ 1948 tún ṣe, kó tún búra sí i. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí fún un, ṣùgbọ́n ta ni kí n wá dá lẹ́bi? Àwọn tó jẹ àǹfààní irọ́ àkọ́kọ́ náà ló ní kó máa jẹ́ òótọ́ lọ.

Bàbá Emeka oníspéàpáàtì, ẹni yàrá kejì, ń tù ú nínú. Ó ní, "Bàbá, tiyín dáa. Àwọn ọlọ́pàá wa tó bá Biafra ṣiṣẹ́, lílé ni wọ́n lé wọn. Ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí 2000 ni Ọbásanjọ́ tó sọ lílé náà di ìfẹ̀yìntì. Oṣù Ọ̀wàrà 2017 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í san péńṣàn wọn ní Enugu." Bàbá Sójà wò ó títí. "Ṣé ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta lo wá fi ń kí mi kú oríire?"

Tí ẹ bá ní tálákà nìkan ni fáìlì ń ṣe báyìí, ẹ rántí Buhari. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2015, iléeṣẹ́ ológun fúnra wọn jáde, wọ́n ní ìwé ẹ̀rí WAEC rẹ̀ kò sí nínú fáìlì rẹ̀. Ọ̀gágun àgbà! Àmọ́ nígbà tó di oṣù Bélú 2018, àwọn WAEC gbé ìwé ẹ̀rí mìíràn lọ bá a nínú Aso Rock. Ta ló gbé nǹkan kan wá bá ẹnikẹ́ni ní Ládìpọ̀ rí, yàtọ̀ sí bílì iná?

Nígbà tó yá, wọ́n tún orúkọ àti ọjọ́ ìbí bàbá ṣe, péńṣàn wọlé. À bá sùn, ṣùgbọ́n bàbá mú ẹ̀dà fáìlì wálé. Nínú iṣẹ́ ológun, ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní Pátì Tú Ọ́dà, òun ni wọ́n ń kọ ìgbéyàwó, ọmọ bíbí àti ìgbéga sójà sí. Ìyálé ní kí ọmọ òun ka orúkọ ẹni tó máa gba ẹ̀tọ́ bàbá bí ó bá kú. Ọmọ kà á: ẹ̀gbọ́n bàbá ní Ìsẹ́yìn, tó ti kú kí èmi tó dé ilé yìí. Ìyálé kò sí níbẹ̀. Ìyá Kékeré kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ọmọ aláìlófin yẹn wá fi ohùn rara ka ọdún 1948. Ìyá Kékeré jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ń fi ìka ṣírò, ó ń wo bàbá, ó tún ń ṣírò. Ìyálé tó yẹ kó máa sunkún lórí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ti fún bàbá ní fọ́ọ̀mù kó kọ orúkọ tuntun. Kò tíì kọ ọ́. Ó ní bírò òun kò yọ tádàwà. Ìyálé ra bírò méjì fún un, Ìyá Kékeré ra odindi páálí. Láti ọjọ́ náà, iyán ń ti yàrá kẹrin bọ̀, àmàlà ń ti karùn-ún bọ̀, ẹran inú ọbẹ̀ sì ń lé sí i lójoojúmọ́. Ọkùnrin tó ń tiraka dìde lórí àga ti ń wọ bùbá tó fún un.

Èmi? N ò gba owó ẹ̀kọ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí.