Adìẹ Tó Kú Tán Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Wá Fò

Ẹran Iléyá kún firísà nílé nígbà tí mo kó ìdílé mi jáde ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó pé ká lọ jẹ adìẹ ní Lẹ́kí. Ẹ fara balẹ̀ kí ẹ tó bú mi. Ìyá ìyàwó mi wá ṣọdún lọ́dọ̀ wa láti Ìwó, àwọn ọmọ sì ti fi ẹjọ́ mi sùn wọ́n pé Dádì kì í mú àwọn jáde kọjá òpópónà Adéníran Ògúnsànyà, kí àwọn máa wo ọmọ ẹlòmíì tó ń gun nǹkan. Ìyá wò mí, wọn ò sọ̀rọ̀. Bí àna bá ti wo ọkùnrin bẹ́ẹ̀, owó ti jáde nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì ọdún, mo gbé agbádá wọ̀, mo háyà mọ́tò, a gba Ojúẹlẹ́gba já sí Third Mainland, ó di ibùdó ìgbafẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ, torí fọ́tò mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí wọ́n kọ sára pátákó ẹnu géètì ni pé àgbà ₦18,000, ọmọdé ₦10,000: jẹ búfẹ̀ títí wàá fi yó, kí o sì gun gbogbo ẹ̀rọ tó wà nínú ọgbà. Àbúrò mi kan tó wà ní Florida ló ti kọ́kọ́ ti irú nǹkan báyìí sí mi lórí. Ó ní ní Walt Disney World, tí wọ́n ṣí lọ́hùn-ún lọ́dún 1971, èèyàn á sanwó búfẹ̀, Mickey Mouse fúnra rẹ̀ á sì wá kí i nídìí tábìlì. Owó àgbà lè lé ní 50 dọ́là. Ọmọ ọdún 3 sí 9 ń san owó ọmọdé. Èyí tí kò bá tíì pé ọdún 3 ń jẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ orí ni wọ́n ń wò lọ́dọ̀ wọn. Níbi tiwa yìí, igi ni. Wọ́n fi ọ̀dà pupa fa ìlà sára igi kan lẹ́nu géètì; ọmọ tí orí rẹ̀ bá ti kọjá ìlà, ó ti dàgbà. Ọmọ mi ọkùnrin ò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, àmọ́ gíga àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ ló mú. Mo rọra sọ sí i létí pé kó tẹ orúnkún díẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Ló bá gbóhùn sókè níwájú gbogbo èrò tó tò sẹ́yìn wa: “Dádì, ṣé ó ti tó, àbí kí n tún lọ sílẹ̀ sí i?”

Mo san owó àgbà.

Owó náà tún wú nígbà tí wọ́n gbé POS dé. VAT, 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Owó orí oúnjẹ tí ìjọba Èkó gbé òfin rẹ̀ kalẹ̀ lọ́dún 2009, 5 nínú ọgọ́rùn-ún. ₦18,000 ara pátákó di ₦20,250 lórí ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kí n fi àwàdà sílẹ̀ díẹ̀ níbí, torí inú ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ san owó ìjọba. Kí ló dé tí wọn ò lè kọ ₦20,250 sára pátákó? Ṣé ọ̀dà ló wọ́n ni? Ìyá tó ń ta ìrẹsì lẹ́nu ọ̀nà wa, bí wọ́n bá ní ₦3,000, ₦3,000 náà ni, ẹran méjì wà lórí rẹ̀, kò sì sí igi tí wọ́n fi ń wọn gíga ọmọ nídìí wọn.

A wọlé. Dípò Mickey, kìnnìún kan ló wá kí wa, ọkùnrin kan nínú aṣọ onírun tí òógùn ń kán lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sún mọ́ mi, ó ní, “Bàbá, ẹ bá wa ṣọdún o.”

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí búfẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ó ti yé mi tán, ó kàn jẹ́ pé ẹ̀yìn ìnáwó ló yé mi. Àwo tí wọ́n ń kó fúnni kéré. Ohun tí ojú máa kọ́kọ́ rí ni búrẹ́dì, lẹ́yìn náà kábéèjì tí wọ́n pò mọ́ kírímù, lẹ́yìn náà ìrẹsì oríṣi mẹ́ta, síbí ńlá ńlá nínú wọn. Adìẹ wà ní ìkángun pátápátá, nígbà tí àwo ti kún. Síbí ò sí nínú tiẹ̀. Ọkùnrin kan tó dé fìlà funfun gíga ló dúró tì í pẹ̀lú ẹ̀mú, tó ń yọ itan adìẹ fúnni lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. O lè padà wá, wọn ò ní lé ọ, àmọ́ wọ́n mọ̀ pé ojú á máa ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Mínírà ọ̀fẹ́ ni, ó sì wà ní gbogbo igun, torí owó kékeré ló ń ná wọn, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì ń gba àyè ẹran.

Àwọn agbada onírin tí wọ́n to oúnjẹ sí kì í se nǹkan kan o. Omi gbígbóná ló wà nínú àwo ìsàlẹ̀, àwo oúnjẹ jókòó lé e, agolo kékeré tí wọ́n rọ jẹ́ẹ̀lì onísípírítì sí sì ń jó lábẹ́ rẹ̀, iná búlúù tí ojú kì í fẹ́ẹ́ rí lọ́sàn-án. Iṣẹ́ omi yẹn ni kí ooru oúnjẹ má baà lọ. Oúnjẹ tó bá ti tutù kó tó débẹ̀, agbára káká ni yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ooru omi á máa lẹ̀ mọ́ ìdérí, á sì máa kán padà sórí ìrẹsì. Ìdí nìyẹn tí jọ̀lọ́ọ̀fù tó dá dúró hóró-hóró ní agogo méjìlá fi máa ń rọ̀ pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀ nígbà tó bá fi máa di agogo mẹ́ta.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi tábìlì oúnjẹ pe èrò síbi ìran. Níbi ìpàtẹ àgbáyé tí wọ́n ṣe ní New York lọ́dún 1939, àwọn ará Sweden gbé tábìlì oúnjẹ kan tó ń yí kalẹ̀ nínú ilé oúnjẹ wọn. Ní ẹ̀wádún 1940, El Rancho Vegas, ilé tẹ́tẹ́ kan ní Las Vegas, bẹ̀rẹ̀ sí í ta jẹun-títí-o-fi-yó ní dọ́là 1 péré, kí àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ má baà rídìí lọ sílé lóru. Ilé tẹ́tẹ́ ló tọ́ ọ dàgbà, ìwà ilé tẹ́tẹ́ ò sì kúrò lára rẹ̀. Ẹni tó ni tábìlì ti ṣírò ikùn rẹ kí o tó wọlé. Ó mọ̀ pé ẹnì kan á jẹ àjẹjù, pé àwọn tó kù á jẹ ìwọ̀nba.

Èmi ni mo fẹ́ jẹ́ ẹnì kan yẹn.

Pàápàá nígbà tí Ìyá jẹ mọ́ínmọ́ín ẹyọ kan, tí wọ́n bèèrè àmàlà, tí wọ́n gbọ́ pé kò sí, tí wọ́n mu omi, tí wọ́n ní àwọn ti yó. ₦20,250! Mọ́ínmọ́ín kan! Ìyàwó mi ń ṣa sàláàdì jẹ, ó ní òun ń ṣọ́ra fún ọ̀rá. Àwọn ọmọ mu mínírà, wọ́n sì ń jẹ búrẹ́dì tí wọ́n ń jẹ nílé láràárọ̀. Bí ẹ bá bi mí bóyá búfẹ̀ ibi ìgbafẹ́ tó owó rẹ̀, màá ní ó lè tó o fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì jẹun láti àná. Fún ìdílé bíi tèmi, owó èèyàn márùn-ún lẹ ń san fún ikùn kan.

Ikùn kan náà ló wá fẹ́ gba gbogbo rẹ̀ padà. Mo fo búrẹ́dì, mo fo ìrẹsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo lọ dúró síwájú onífìlà funfun. Mo padà lọ. Nígbà tó yá, mo gẹ fìlà sápá kejì kó lè rò pé ẹlòmíì ni. Lẹ́yìn náà mo ṣí i kúrò lórí pátápátá. Ó wò mí, ó wo agbádá aláwọ̀ ọsàn tí mi ò lè pààrọ̀, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, sà.”

Itan márùn-ún ló wà lórí àwo mi nígbà tí ọ̀fun kọ̀. Ìgbà yẹn lojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé oúnjẹ jáde, ẹni tó bá sì jẹun ṣẹ́kù sórí àwo, ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦10,000. Ẹ gbọ́ o. Bí o fi í sílẹ̀, o jẹ̀bi. Bí o gbé e, o jẹ̀bi. Ìyá ò sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣí báàgì wọn, wọ́n fa náílọ̀nù dúdú kan yọ, wọ́n tì í sí mi lábẹ́ tábìlì. Mi ò tíì rí ìyá àgbà Ìwó tó ń rìnrìn àjò láìmú náílọ̀nù dání. Agbádá náà sì ní àpò gbàǹgbà níwájú àyà, ó tó kó nǹkan ọbẹ̀ ọjà kan sí. Mo tì í wọ̀.

Ó yẹ kí n jókòó jẹ́ẹ́. Àmọ́ ọmọ tí mo san owó àgbà lé lórí ní àfi kí n bá òun gun ọkọ̀. Ọkọ̀ ojú omi ńlá kan ni, wọ́n fi irin gbé e kọ́ sáàárín òpó, ó ń fì lọ, ó ń fì bọ̀. Ìyàwó mi ní, “Dádì, ẹ má gùn ún, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ni.” Mo ní wọ́n ti gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ọmọ náà ní ìpẹ̀kun ọkọ̀ ló dùn jù. A lọ jókòó síbẹ̀.

Ọkọ̀ yẹn, jáńgílọ́fà ńlá ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mọ́tò tó ń tì í ò sí lókè níbi tí wọ́n gbé e kọ́ sí. Abẹ́ ló wà: ó ń yí táyà tó máa ń fara ra ìdí ọkọ̀ nígbà tó bá ń kọjá. Ní ìkọjá kọ̀ọ̀kan, táyà á tì í díẹ̀, ọkọ̀ á sì ga sí i. Ẹni tó wà láàárín ò rìn jìnnà. Ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun ló ń rí ọ̀run. Bó bá dé òkè tó fẹ́ padà, ìwọ ń já bọ̀, ìjókòó náà ń já bọ̀, kò sí ohun tó ń tì ọ́ nídìí mọ́. Gbogbo ohun tí wọn ò bá so mọ́lẹ̀ á fúyẹ́. Irin kan ló dábùú itan, tí kì í jẹ́ kí èèyàn fò lọ. Irin náà di itan mi méjèèjì mú dáadáa. Àwọn itan márùn-ún yòókù, kò sẹ́ni tó dè wọ́n.

Nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ga, agbádá gba afẹ́fẹ́, ó wú, ó bo ọmọ mi lójú. Ibi tí mo ti ń fi ọwọ́ kan ká a sílẹ̀, a dé òkè téńté, náílọ̀nù dúdú náà yọrí jáde nínú àpò, ó rá bàbà níwájú imú mi. Mo nawọ́ gán an. Ìdí rẹ̀ ni mo gbá mú. Ẹnu rẹ̀ kọjú sí èrò.

Itan àkọ́kọ́ jáde ní tirẹ̀. Ó yípo lójú ọ̀run, oòrùn tàn sára òróró rẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sáàárín àwọn tó tò sórí ìlà. Adìẹ tí kò fò rí láyé rẹ̀! Inú àgò ló dàgbà sí! “Dádì! Adìẹ!” ni ọmọ mi ké. Mo pariwo sí ọmọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ pé kó dá a dúró. Ẹ rántí ohun tí mo wí nípa táyà: ọkọ̀ yìí kì í dúró lójijì. Wọ́n á kọ́kọ́ dẹ́kun títì í, táyà kan náà á wá máa ra á lára láti dín in kù, ìfì kan tẹ̀ lé ìfì kan, títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀. Ọwọ́ mi kan wà lórí irin, ọwọ́ kejì ń tiraka láti pa ẹnu náílọ̀nù dé, ìgbàkígbà tí a bá sì dé òkè, ọ̀kan á bọ́.

Nísàlẹ̀, ó ti yé wọn. Àwọn ọmọdé ti na ọwọ́ sókè. Nígbà tí ìkejì jáde, ẹnì kan kígbe pé, “Méjì!” Nígbà tí a tún gòkè, gbogbo èrò ló jùmọ̀ ń retí rẹ̀, wọ́n sì jùmọ̀ kà á: “Mẹ́ta!” Ìyẹn ba kìnnìún lẹ́yìn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó wò ó láti inú ihò ojú aṣọ rẹ̀, ó sì gbé e sápò. Ó ti bá mi ṣọdún. Ìyàwó mi ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àkókò yẹn ni obìnrin kan bi Ìyá pé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ bàbá alágbàádá òkè yẹn? Ìyá fa gèlè wálẹ̀ síwájú orí. Wọ́n ní, “Rárá o. Ọkọ ta nìyẹn?”

“Mẹ́rin!” Ariwo ti fa onífìlà funfun jáde láti yàrá oúnjẹ, ẹ̀mú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an ni ìkẹrin bọ́ sí. Ó fi ẹ̀mú gbé e. Ó wo òkè. Nígbà tí ọkọ̀ tún gbé mi kọjá níwájú rẹ̀, tí mò ń lọ sẹ́yìn, a wo ara wa lójú. Ọkọ̀ fì padà, a tún wo ara wa.

Ìkarùn-ún ò bọ́. Òun ló dùn mí jù, torí òun ni wọ́n bá lára mi.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni máníjà wọn. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fìyà jẹ mí. Wọ́n ya fọ́tò èmi àti itan tó kù, ó ní wọ́n á fi sínú fáìlì. Mo bá a rojọ́. Mo ní, ìwé yín sọ pé kí n má jẹun ṣẹ́kù sórí àwo. Àwo mi mọ́ féfé. Ìwé náà tún ní kí n má gbé oúnjẹ jáde. Ṣé mi ò ṣì wà nínú ọgbà ni? Itan mẹ́rin tó kù, àwọn oníbàárà yín ló jẹ wọ́n, àfi èyí tó wà lápò kìnnìún yín àti èyí tó wà lẹ́nu ẹ̀mú. Ó ronú sí i. Ó ní, “Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá. Àmọ́ ẹ gbé e kúrò nínú yàrá oúnjẹ, ẹ sì tún gbé e gòkè.”

Mo sanwó. Rìsíìtì rẹ̀ wà níwájú mi báyìí: ìtanràn ₦10,000, VAT ₦750. Ẹni tó bá mọ abala òfin tó ní kí wọ́n gba VAT lórí ìtanràn itan adìẹ, mo bẹ̀ ẹ́, kó wá fi hàn mí.